Ọ̀nà Ẹ̀tù àti Òfin Ìbọn ní Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá gun Òkè Pádrè, níbi tí àwọn Àgùdà kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St. Mary wọn sí, tí ó sì jẹ́ kí ojú òun rìn yí ìlú ká, yóò rí i pé àárín ilé àwọn jagunjagun ni òkè náà wà. Ayéyẹ kò jìnnà sí i, níbi tí agboolé Balógun Ìbíkúnlé wà títí di òní. Bẹ́yẹrúnká wà nítòsí. Bí ojú bá sì ré Bẹẹrẹ kọjá, yóò kan Gbọ̀ngàn Mápó tí òyìnbó kọ́ parí sórí òkè tirẹ̀ ní 1929, tí Ọjà'ba, ọjà Ìbà Olúyọ̀lé, sì tẹ́ rẹrẹ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn òpìtàn wa ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àwọn akọni tí wọ́n kọ́ agboolé wọ̀nyí, a sì mọ oríkì wọn lórí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a sábà máa ń fò kọjá nínú ìtàn náà bí ẹni pé ó ti yé gbogbo ayé, èyí sì ni ìbọn, àti ẹ̀tù tí ìbọn ń jẹ, àti ọ̀nà tí ẹ̀tù ń gbà wọlé. Lónìí tí gbogbo ilẹ̀ wa ń ṣe àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó gbé ìbọn àti irú ìbọn tí ó yẹ kí ó gbé, a ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ àná, a sì gbàgbé pé kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì ti jèrè rẹ̀, tó Ìbàdàn. Ohun tí ìtàn ìlú náà fi yé mi ni mo fẹ́ sọ: pé kí a tó bi ara wa léèrè iye ìbọn tí ó wà nílùú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò dáhùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọjọ́ tí ó bá ró.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú ògo rẹ̀, kì í ṣe ìbọn ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun. Ẹṣin àti ọ̀kọ̀, ọrun àti ọfà, idà àti àgédẹ̀ńgbé ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ gbójú lé. Àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n sún mọ́ òkun ni ìbọn kọ́kọ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn ní ìhà ibí, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń bá òyìnbó ṣòwò, ẹrú ni wọ́n sì fi ń san án. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà ogun Òwu, àwọn Òwu tí wọ́n jẹ́ akíkanjú ènìyàn gbójú lé àgédẹ̀ńgbé, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn Ìjẹ̀bú ń pa wọ́n láti òkèèrè kí wọ́n tó sún mọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣá. Òwu fọ́, ìlú Ẹ̀gbá fọ́ tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà náà sì ni gbogbo olórí ogun ti mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní ìbọn yóò di ẹrú ẹni tí ó ní in. Ìbọn ń mú ẹrú wá, ẹrú náà sì ń lọ sí etí òkun láti ra ìbọn mìíràn wá. Bí òwò náà ṣe ń yí bìrí nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa máa fi ohùn ayọ̀ nìkan sọ ìtàn ogun wa láìrántí àwọn tí wọ́n fi ara wọn san owó ẹ̀tù.

Nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni àwọn ọmọ ogun Ìfẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti díẹ̀ nínú Ẹ̀gbá jókòó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, tí ibùdó di ìlú, tí ìlú sì di Ìbàdàn Mesi Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé. Kò sí ọba ní ibẹ̀, kò sí àfọ̀bàjẹ. Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọkùnrin tí kò ní baba olóyè níbikíbi lè dé lónìí pẹ̀lú aṣọ ìdí kan, kí ó forí balẹ̀ fún ìjòyè kan, kí ìjòyè náà fún un ní ìbọn, ẹ̀tù àti ọta, kí ó bá a lọ sí ogun, kí ó sì fi ìkógun san gbèsè tí ó jẹ. Bí ó bá lágbára tí orí sì bá a ṣe é, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi ní ọmọ ogun tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, tí wọ́n dá ẹṣin àwọn Fúlàní dúró kí ó má bàa wọ inú igbó dé etí òkun, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gbà pé ilé ogun titun ti dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fiyè sí nínú ètò náà kò pariwo. Nínú agboolé ni ìbọn Ìbàdàn ń gbé. Ọmọ ogun tí ó gbé e dání jẹ́ ti Balógun, tàbí ti Ọ̀tún, tàbí ti Ṣẹ̀ríkí, a sì mọ̀ ọ́n mọ ilé tí ó ti jáde. Bí ó bá fi agbára gba ewúrẹ́ arúgbó kan ní Ìdíkàn, tàbí tí ó yin ìbọn sí ẹni tí kò yẹ, orúkọ olórí rẹ̀ ni ìlú yóò pè kí wọ́n tó pe tirẹ̀. N kò sọ pé wọ́n ń fìyà jẹ olè nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá mọ oríkì Ìbàdàn mọ̀ pé ìlú náà fúnra rẹ̀ kò purọ́ lórí ìwà ipá àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìbọn tí kò ní baba.

Ẹ̀tù ni ó ṣòro. Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa lè tún ìbọn ṣe, ó lè rọ ọta, ó lè fi irin àlòkù pa ẹnu ìbọn tí ó bẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tí ó dára láti etí òkun ni ó ń wá, nínú àgbá, lórí àwọn alárù, ọ̀nà tí ó sì ń gbà wá kò sí lọ́wọ́ Ìbàdàn rárá. Ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni ọ̀kan wà, ọwọ́ Ẹ̀gbá ni èkejì wà. Nítorí náà, ìlú tí ó ń dẹ́rù ba gbogbo ayé láti Ìwó títí dé Èkìtì kò lè jà fún ọ̀pọ̀ oṣù bí àwọn ará Ìjẹ̀bú Òde àti Abẹ́òkúta bá pinnu láti ti ibodè wọn. Ní ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862, nígbà tí Ẹ̀gbá gbèjà Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ọ̀nà Rẹ́mọ ni Ìbàdàn fi mí, ìyẹn náà sì ni ó fà á tí Ẹ̀gbá fi gbé ogun ti àwọn ará Rẹ́mọ lẹ́yìn tí Ìjàyè ti tú.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ Ìyálóde Ẹ̀fúnṣetán Aníwúrà ti wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n láti inú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, a sì mọ̀ ọ́n sí ìkà obìnrin tí ó ń bẹ́ orí ẹrú. N kò ní gbèjà ìkà rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni Ẹ̀fúnṣetán ṣáájú ohun gbogbo, oníṣòwò tí ó ní ẹrú àti oko lọ rẹpẹtẹ, tí ìdílé bàbá rẹ̀ sì wá láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí ó fi mọ ẹni tí ó yẹ kí a bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìbọn àti ẹ̀tù wà lára ọjà rẹ̀, àwọn ìjòyè ogun sì ń gbà wọ́n ní àwìn lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń lọ sógun, tí àwọn mìíràn ń san, tí àwọn mìíràn kò sì san. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà dé orí oyè gẹ́gẹ́ bí olórí Ìbàdàn, tí ogun ń tẹ̀ lé ogun tí gbèsè sì ń ga lé gbèsè, obìnrin yìí fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ní 1874, Ààrẹ ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun èlò ránṣẹ́ sí òun, pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì mú kí àwọn ẹrú ilé rẹ̀ fúnra wọn pa á ní òru. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀sùn kejì dáadáa. Obìnrin kan ṣoṣo ní ìlú náà lágbára láti sọ fún olórí ogun pé àwìn ẹ̀tù tó gẹ́ẹ́, agbára yẹn sì ni wọ́n pa mọ́ ọn nínú. Ní ojú tèmi, ọjọ́ yẹn ni Ìbàdàn pàdánù àkóso kan ṣoṣo tí ó ní láti inú ilé lórí ogun jíjà rẹ̀, nítorí pé láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tí ó tún lè fi ìwé gbèsè dá Ààrẹ dúró.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1877, Látòósà rán àwọn ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́ ní etí òkun láti ra ẹ̀tù, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbá dènà dè wọ́n. Látòósà fi ogun dáhùn, Ẹ̀gbá ti ọ̀nà, Ìjẹ̀bú ti tiwọn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà rí àyè gbéra láti gba ara wọn lóko ẹrú, bí ogun ọdún 16 tí a ń pè ní Kírìjì sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òmìnira ni àwọn Èkìtì Parapọ̀ jà fún, ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ìlú wọn kò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àgbá ẹ̀tù láti Àjàṣẹ́ ni ó fọ́n iná sí i.

Ọ̀bẹ ń wolé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ní ọdún 1877 yìí kan náà ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn fi agbára ogun dojú kọ ara wọn láàárín ìlú. Ajẹ́nkù, Fọ̀kọ̀ Ìbàdàn, ẹni tí ó jẹ́ ológun àtijọ́, lòdì sí ogun tí Ààrẹ fẹ́ bá Ẹ̀gbá jà, wọ́n sì lé e títí tí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyàpọ̀, ọmọ Ìbíkúnlé, ẹni tí ó jẹ́ Ṣẹ̀ríkí, tí agboolé baba rẹ̀ wà ní Ayéyẹ tí ojú ń wò láti Òkè Pádrè, ni wọ́n fi ọgbọ́n àti ìhàlẹ̀ sún títí tí òun náà fi kú ikú ọwọ́ ara rẹ̀. Èyí ni ó mú mi lọ́ra láti gbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń sọ lónìí pé kí a kàn pín ìbọn fún gbogbo ọkùnrin tí ó bá lè gbé e, kí ààbò lè wà. Ìbàdàn ní ìbọn ju gbogbo ìlú lọ ní àsìkò náà. Àwọn tí ó sì kọ́kọ́ sọ èrò wọn ní gbangba lòdì sí ogun ni agbára náà kọ́kọ́ pa.

Ní orí òkè Kírìjì, ohun titun kan dé. Ṣakabùlà tí gbogbo wọn ti ń lò, láti ẹnu ni a ti ń kì í: ẹ̀tù yóò wọlé, èérún yóò tẹ̀ lé e, ọta yóò tẹ̀ lé èérún, a óò fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, akọ òkúta yóò sì ṣá iná sí i, bí òjò bá rọ̀, ẹ̀tù tutù, ìbọn di igi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ó ti lọ sí Sàró àti Bùràsíìlì tí wọ́n sì padà dé, dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn tí a ń kì láti ìdí, irú ti Snider, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà àwọn ìlú etí òkun títí dé ọ̀dọ̀ Ọgẹ́dẹ̀ńgbé, olórí ogun Èkìtì Parapọ̀. Ọta rẹ̀ ń lọ jìnnà, ó sì ń lọ tààrà. Ìbàdàn tí ó ti máa ń sáré wọ àárín ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí walẹ̀ fún ara rẹ̀. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó náà ní 1885, kò tún rí ilé rẹ̀ mọ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Ibùdó ogun náà kò sì tú ká tán títí di 1893, lẹ́yìn tí òyìnbó ti fi ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim fọ́ Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ́n ní oṣù karùn-ún 1892 tí ọ̀nà ẹ̀tù àtijọ́ sì ti bọ́ sí ọwọ́ Gómìnà Carter ti Èkó.

Kí àwọn ìjòyè Ìbàdàn tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1893, tí wọ́n fi gba Resident òyìnbó sí ìlú wọn, ìpinnu kan ti wáyé ní ìlú tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó ti dé ibẹ̀ rí. Ní Brussels, ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1890, àwọn ìjọba òyìnbó kọ ìwé àdéhùn kan láti pa òwò ẹrú rẹ́ ní Áfíríkà. Ìdí tí wọ́n fi sọ̀rọ̀ ìbọn nínú rẹ̀ dára: wọ́n sọ pé ìbọn ni ó ń jẹ́ kí àwọn oníṣòwò ẹrú rí ènìyàn kó. Wọ́n wá pààlà sórí ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìwọ̀n 20 ní àríwá títí dé ìwọ̀n 22 ní gúúsù, wọ́n ní kí ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ má wọ inú rẹ̀ bí kò ṣe pẹ̀lú àṣẹ pàtàkì. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta-iná tí inú ẹnu rẹ̀ ń dán gbọọrọ, tí kò ní ìlà, àti ẹ̀tù lásán tí a ń tà ní ọjà. Ìbọn tí àwọn ọmọ ogun tiwọn ti jù sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa; èyí tí ó lè dá wọn lóró ni wọ́n dì lọ́wọ́ wa, àwọn fúnra wọn sì ń gbé Maxim bọ̀. N kò sọ pé wọn kò fẹ́ pa òwò ẹrú rẹ́. Mo sọ pé láti ọjọ́ tí òfin ìbọn ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ wa, àwọn tí ó kọ ọ́ ń wo ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣàkóso, wọn kò sì wo ẹni tí yóò máa dáhùn. Ìbọn tí ó jẹ́ ti agboolé Balógun ní àná wá di ìbọn ti ẹnikẹ́ni tí ó ní owó láti rà á ní ọjà.

Ṣakabùlà wá di ohun ọdẹ. Àwọn ọdẹ ń fi pa etu àti ìgalà ní oko, wọ́n ń yìn ín ní ọjọ́ Ògún, wọ́n ń yìn ín bí wọ́n bá ń ṣípà ọdẹ tí ó ti lọ, àwọn àdúgbò Ìbàdàn sì ń dá owó jọ láti gba ọdẹ tí yóò máa fi ìbọn ṣọ́ ilé ní òru. Ìjọba òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọdẹ alẹ́, síbẹ̀ wọn kò lè ṣe láìsí wọn, nítorí pé ọlọ́pàá kò tó. Alágbẹ̀dẹ ní tirẹ̀ ń tún èyí tí ó bá jẹ́ ṣe, ó sì ń fi irin titun ṣe òmíràn. Kò sí ẹni tí ó ń kọ orúkọ sí ìdí ìbọn.

Ọdún 1968 àti 1969 ni ìbọn oko padà wọ ìgboro. Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn ní Akànrán, Ẹgbẹ́dá, Ọlọ́rundá àti ìletò mìíràn, tí owó kòkó kò tó wọn jẹun, tí owó orí àti owó mìíràn sì ń pọ̀ sí i, tí àwọn agbowó-orí ń wọ ilé wọn tìkanra-tìkanra, dìde ní orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn lè san. Mápó fúnra rẹ̀ rí ìbínú wọn. Ẹni tí ó ṣáájú wọn, Tàfá Adéoyè, kì í ṣe jagunjagun. Ṣakabùlà, ọ̀bẹ, àdá àti oògùn àyẹta ni wọ́n fi dojú kọ ọlọ́pàá àti sójà tí wọ́n gbé ìbọn ìgbàlódé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́ ní ìhà méjèèjì. Ní oṣù kẹsàn-án 1969 wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi, wọ́n tú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ìbọn ni ó parí ọ̀rọ̀ náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn nínú oko ní oṣù kẹwàá, ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ìjọba Gómìnà Adéyinká Adébáyọ̀ sì dín owó orí náà kù sí £2. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí, mo sì gbà pé ìyà ni ó jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n mo tún rí i nínú ìtàn wọn pé àwọn tí ó gbé ìbọn náà ní olórí tí a lè bá jókòó, tí ó sì lè sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sílé. Bí kò bá sí ìyẹn, Awólọ́wọ̀ kì bá mọ ẹni tí yóò lọ bá.

Òfin tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà, òun náà ni a ṣì ń lò: Òfin Ìbọn ti 1959. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ní in láìgba àṣẹ olórí ìjọba, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn àwọn sójà àti ìbọn ìléwọ́ wà níbẹ̀. Èkejì ni ìbọn ọdẹ olówó, tí ọ̀gá ọlọ́pàá ń fi àṣẹ rẹ̀ fún ni. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tí a ń kì láti ẹnu. Kí a wo ìsọ̀rí kẹta yìí: ìbọn tí Brussels fi sílẹ̀ fún wa ní 1890 ni òfin tiwa náà tún fi sílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù. Ẹni tí a bá ká ìbọn ìsọ̀rí àkọ́kọ́ mọ́ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ìbọn àwọn sójà ti tú ká ìgboro, ìjọba ológun fi òfin 47 ti 1970 sọ ìdigunjalè di ọ̀ràn ikú. Wọ́n yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ọ̀daràn lójú gbogbo ayé, ìdigunjalè kò sì dáwọ́ dúró.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, ní Ìbàdàn yìí, àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá gbé ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ nítorí ìjínigbé àti ìpànìyàn ní ojú ọ̀nà àti ní oko. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ fi sọ pé kò bá òfin mu, kí wọ́n tó bára wọn sọ̀rọ̀ tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣe òfin tirẹ̀. Wọ́n gbà kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn ọdẹ, wọn kò gbà kí ó gbé AK-47. Ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ti àwọn Àgùdà ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ìbọn àti àdó olóró, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn nínú àwọn tí ó wá sin Ọlọ́run. Òkè Pádrè kò lè gbọ́ ìròyìn bẹ́ẹ̀ láìsunkún, ìjọ kan náà ni. Gómìnà Rótìmí Akérédolú bínú, ó bèèrè pé èéṣe tí a ó fi sọ fún Àmọ̀tẹ́kùn pé kí ó fi ṣakabùlà dojú kọ ẹni tí ó gbé AK-47. Ìbéèrè náà tọ́. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Bí ìjọba kò bá lè gba AK-47 lọ́wọ́ apànìyàn, kò ní ẹnu láti máa fi ọwọ́ òfin 1890 di ọwọ́ ẹni tí ó ń gbèjà ìyá rẹ̀. Ní 2024, sẹ́nátọ̀ kan láti Delta gbé àbá kalẹ̀ pé kí a jẹ́ kí ará ìlú gbogbo lè gba àṣẹ ìbọn. N kò lè bá a dé ibẹ̀; ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ajẹ́nkù àti Ìyàpọ̀ kò jẹ́ kí n lè dé ibẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìlú tí ilé fi ara kan ilé bí Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnká kò sì lè gba kí a máa tọ́jú ẹ̀tù pamọ́ sí yàrá ẹnikẹ́ni. Ìbúgbàù tí ó wáyé ní Bódìjà ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024 kan náà, tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun ìbúgbàù àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó fà á, wó ilé ó sì pa ènìyàn ní àdúgbò tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ilé aládùúgbò rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Àbújá ní oṣù kẹfà 2006, pé kí ìbọn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí a lè tọ ọ̀nà rẹ̀ padà sí ibi tí ó ti wá. Ní 2021, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe àkóso irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ń sọ ibi tí ìbọn ti wá. Ìbàdàn àtijọ́ mọ ibi tí ó ń sùn. Agboolé wà síbẹ̀, Mọ́gàjí sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tí ó mọ ọmọ tí ó wọlé ní òru àti èyí tí ó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ẹjọ́ ilé ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ gbé ìbọn, kí Mọ́gàjí rẹ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọlọ́pàá, kí ó sì dáhùn fún un. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá ṣe é, kí ó fi àmì rẹ̀ sí i kí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì mọ̀. Mo ti ń gbọ́ àbá lórí ìbọn láti ẹnu àwọn gómìnà, àwọn sẹ́nátọ̀ àti àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá láti ọjọ́ tí Ọ̀wọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Òfin 1959 tí gbogbo wọn ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ kò dárúkọ Mọ́gàjí ní ibì kankan.